Ẹnu Tí Gibbie Flett Gbàgbé sí Glasgow

Ní Buckie tiwa, ọmọ apẹja tí inú rẹ̀ kò gba òkun kò yàtọ̀ sí ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ń sá fún iná. Bí Gibbie Flett, àna mi, ṣe bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nìyẹn. Dod Flett, bàbá rẹ̀, ló ni ọkọ̀ ẹja kan tí wọ́n ń pè ní Ishbel. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló fi sọ ọkọ̀ náà, ìyàwó sì máa ń ṣàwàdà pé ọkọ̀ yẹn ló ń rí ọ̀dà tuntun lọ́dọọdún, kì í ṣe òun. Gibbie ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Elspet, tí mo padà fẹ́, ni àbúrò rẹ̀. Èmi àti Gibbie jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ sì rántí pé òṣèré ni.

Gibbie kì í ṣe ojo. Ikùn rẹ̀ ló ń dà á. Kò tilẹ̀ ní dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣí. Bó bá ti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté, tó dúró jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàbí ewé, kò sì ní pẹ́ tí á fi gbé orí kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àwọn àgbà apẹja á ní, "Dod, ọmọ ẹ tún ti ń bọ́ àwọn ẹja o." Dod á dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kó bọ́ wọn. Tí wọ́n bá sanra tán, èmi náà ni màá kó wọn."

Nígbà tí a jáde ilé ìwé, Dod ní àwàdà ti tó, Gibbie gbọ́dọ̀ wá kọ́ṣẹ́. Ó bá a lọ sójú òkun lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, ńṣe ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí àpò ọ̀dùnkún. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tún fẹ́ ṣí, ìyá rẹ̀ bá a lórí ilẹ̀ kíṣìnnì, ó ká gúlútú, ó di ikùn mú lápá ọ̀tún, òógùn bò ó. Wọ́n bi í pé ṣé inú ló ń run ún. Ó kàn ń kérora. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ti ṣàìsàn àpẹ́ńdíìsì rí, ìfun kékeré yẹn tó máa ń wú, ó sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹbí lójoojúmọ́ títí tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ń dunni àti bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká. Gibbie ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Dókítà dé, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, Gibbie dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, Gibbie ké tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò ilé fi gba ojú fèrèsé jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi ọ̀bẹ là á, wọ́n ti yọ ìfun tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Dod lọ wò ó nílé ìwòsàn. Wọ́n ti sọ fún un pé ohun tí wọ́n yọ mọ́ bí ọmọ tuntun. Ó fa àga, ó jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Gibbie."

"Bàbá."

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ní báyìí, ó ti wá ń dùn mí lóòótọ́."

Dod dé fìlà rẹ̀ padà. "Ọmọ tó lè fi ikùn purọ́ títí dókítà fi fi ọ̀bẹ kàn án, iṣẹ́ wà fún irú wọn níbì kan. Àmọ́ kì í ṣe nínú ọkọ̀ tèmi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Glasgow ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà wa kan ló sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní eré ṣíṣe. Gibbie lọ dúró níwájú wọn, ó kú ikú kan fún wọn, wọ́n sì gbà á.

Ní ọ̀dọ̀ wa, tí a bá fẹ́ kí ara wa, "Fit like?" là ń sọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ní "Báwo ni nǹkan?" Ọjọ́ tí Gibbie kọ́kọ́ wọlé tọ Míìsì Drysdale, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ, ohun tó fi kí i nìyẹn. Obìnrin náà rò pé ọ̀rọ̀ bàtà ló ń béèrè, ó wo bàtà ara rẹ̀, ó ní ó bá òun lẹ́sẹ̀ mu dáadáa, ó ṣeun. Láti ọjọ́ náà ló ti dójú sọ ẹnu Gibbie. Ó mú ìdérí ìgò ọtí, ó fi há a láàárín eyín, ó ní kó máa kàwé báyẹn. Láàárọ̀, kó kàwé. Lọ́sàn-án, kó kàwé. Itọ́ á máa dà sí i láyà bí ọmọ tó ń hu eyín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa yọ ìdérí náà kúrò, ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu Gibbie bí ìgbà tí wọ́n fi bọ́tà sórí búrẹ́dì gbígbóná, bí ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Míìsì Drysdale sunkún ayọ̀.

Gibbie tẹ ilé láago láti sọ ìròyìn ayọ̀ náà. Mo wà níbẹ̀, mo wá kí Elspet. Ìyá rẹ̀ gbé tẹlifóònù.

"Ẹ káàsán, Màámi. Gilbert ni." Orúkọ inú ìwé rẹ̀ nìyẹn, Gibbie ni gbogbo wa ń pè é.

"A ò fẹ́ ra fèrèsé," ni Ìyá wí, ó rò pé àwọn tó ń fi tẹlifóònù polówó fèrèsé ni, ó sì gbé e kalẹ̀.

Aago tún dún. "Mo ní a ò fẹ́ ra fèrèsé. Èyí tí a ní kò tíì bàjẹ́."

Ó tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí Gibbie yára sọ̀rọ̀ kó tó gbé e kalẹ̀: "Màámi, èmi ni mo da ọ̀dà ọkọ̀ sórí ológbò yín, tí mo ní Elspet ni."

Ìyá fi ìdí wá àga. "Gibbie? Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́ níbẹ̀ yẹn? Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Nígbà tó wálé fún ọdún tuntun, ilé kún. Gibbie gbé ife sókè láti kí gbogbo wa kú ọdún. Bó ṣe la ẹnu báyìí, Dod bọ́ fìlà, ó sì rọra bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ta ló kú?" Kò tọ́ kí a bá a wí. Ní àdúgbò wa, àlùfáà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn, ibi ìsìnkú ló sì ti ń sọ ọ́.

Ó jáde ilé ẹ̀kọ́, ó ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kiri láti Dundee dé Inverness. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un kò ju pé kó wọlé, kó tẹrí ba, kó ní "Olúwa mi, àwọn ọ̀tá ti kọjá odò," kó sì jáde. Èmi àti Elspet wakọ̀ lọ wò ó ní Perth. Súìtì bọ́ lọ́wọ́ Elspet, ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Nígbà tó fi máa gbórí sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé, ó ti sọ tirẹ̀, ó ti jáde. Ìtìjú ló jẹ́ ká dúró wo ìyókù.

Lẹ́yìn náà ni ilé eré ńlá kan ní Edinburgh gbà á. Eré ọba àtijọ́ kan àti ogun ni. Ọmọ ogun ni Gibbie, yóò kú níbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa sùn lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọba bí ọba ti ń dárò àwọn ọmọ rẹ̀ tó bógun lọ. Ohun tó burú ni pé ilẹ̀ orí ìtàgé náà ń yí po. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí abẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọba bá ti ń sọ̀rọ̀, gbogbo pápá ogun á máa yí lọ, á máa yí bọ̀. Gibbie lọ bá olùdarí eré, ó ní inú òun kì í gba ohun tó bá ń mì. Olùdarí ní, "Òkú ni ẹ́. Òkú kì í ní inú."

Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń dánra wò. Alẹ́ tí èrò kún ilé ló ṣiṣẹ́. Gibbie ní nígbà tí ilẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kíní, òun di ojú. Nígbà tó yí lẹ́ẹ̀kejì, òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tó tún yí, òun la ojú, ohun tí òun sì rí ni akoto ogun ọba, tó dojú sókè lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bí abọ́. Òkú dìde lórí ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó fa akoto mọ́ra, ó lò ó, ó rọra gbé e padà síbi tó wà, ó sì tún kú.

Gbogbo àwọn tó jókòó níwájú rí i. Ẹni tí kò rí i ni ọba, nítorí ojú ọ̀run ló ń wò. Òṣèré àgbà kan tó ń jẹ́ Auberon Tait ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó parí ìdárò, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé akoto láti dé e lọ sójú ogun. Ni àwọn ará iwájú bá ń ké pé, "Rárá, ẹ má ṣe é." Tait dúró. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣeré, àwọn èèyàn kò tíì bẹ̀ ẹ́ rí kó má lọ sójú ogun. Omi lé sí i lójú. Ó na ọwọ́ sí wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú eré, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó di dandan kí n lọ." Ó sì dé akoto.

Wọ́n fi aṣọ bo ojú ìtàgé.

Gibbie sá lọ fara pamọ́ sáàárín àwọn aṣọ eré lẹ́yìn ilé. Rhona Mackellar, ọmọ Oban, ló ń tọ́jú aṣọ níbẹ̀. Ó bá a lábẹ́ ẹ̀wù ìyàwó kan. Akoto wà lọ́wọ́ Rhona.

"Ṣé ìwọ lo ni èyí?"

"Ọba ló ni akoto."

"Mo mọ ẹni tó ni akoto. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mò ń bi ẹ́."

Gibbie gbà pé òun ni. Rhona lọ fọ̀ ọ́, ó padà wá, ó gbé tíì àti bísíkíìtì gbígbẹ fún un, ó ní kò sí ohun tó ń dá èébì dúró bí i. Ọdún kejì ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Oban. Àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí erékùṣù kan fún ìsinmi. Rhona ní kí wọ́n má wulẹ̀ dáṣà, bọ́ọ̀sì làwọn máa wọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ akoto, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ Gibbie ní Edinburgh. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan nípa ìdílé olówó kan. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àna mi fi wọ kóòtù dúdú, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń ní "Wọ́n ti ń retí yín, ọ̀gá." Gbogbo Buckie ló ń wò ó lọ́jọ́ Sunday. Bó bá wá sílé, àwọn obìnrin á dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹja, wọn ò ní wọlé, wọ́n á máa wò ó títí á fi wá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìyá rẹ̀ a máa dán ọwọ́ ilẹ̀kùn kó tó dé. Dod ní tirẹ̀ a máa sọ nílé ọtí pé, "Àwa ń mú ẹja, ọmọ mi ń ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ilẹ̀kùn kì í sì í rùn."

Nígbà tó yá, Dod kú. Orí àga rẹ̀ ló ti sùn lọ, wéré. Wọ́n ní kí Gibbie ka sáàmù níbi ìsìnkú. Ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kà á bí Míìsì Drysdale ṣe kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ jáde, ó dùn-ún gbọ́. Àgbà apẹja kan tí etí rẹ̀ ti ń wúwo tẹ̀ mí níhà lẹ́yìn, ó sì béèrè lóhùn tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́: "Watty, ṣé ẹbí ò rí ẹnì kankan ni, tí wọ́n fi lọ háyà ará Lọ́ńdọ̀nù?"

Mo bá Gibbie lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn náà, ó fara ti ògiri. Mo ní kó má dá àgbàlagbà yẹn lóhùn.

"Òótọ́ ló sọ," ni Gibbie wí. "Watty, ẹnu Bàbá ni mo fẹ́ fi kà á. Mo ti múra ẹ̀ láti àná. Mo la ẹnu, mo wá a, kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣílẹ̀kùn yẹn ló jáde."

Mo fún un ní ọtí díẹ̀ nínú ìgò àpò mi.

Eré ilẹ̀kùn parí, ọjọ́ ń lọ. Ni àwọn kan bá wá láti Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn fẹ́ ṣe fíìmù nípa apẹja arúgbó kan, ní Buckie gan-an. Olùdarí wọn ń jẹ́ Crispin Hallowell, ọmọkùnrin gíga kan tí ń fi ṣálì wé ọrùn. Ó gbọ́ pé òṣèré kan wà tó jẹ́ ọmọ apẹja láti Buckie, inú rẹ̀ dùn, ó gbà á lójú ẹsẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n dé èbúté, tí Gibbie wọ bàtà òjò gígùn àti fìlà bí i ti Dod, tó wo òkun, tó la ẹnu. Ọ̀gbẹ́ni ilẹ̀kùn ló tún jáde.

Hallowell kò bínú. Ó ránṣẹ́ pe Míìsì Imogen Lacey, tíṣà ohùn, kó wá kọ́ ọ ní bí ará Buckie ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Imogen, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ohùn tó gbà sílẹ̀ láti fi kọ́ni jẹ́ ti ará erékùṣù ìwọ̀ oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń fa àwọ̀n. Bí ọmọ Buckie ṣe jókòó ní Buckie nìyẹn, tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ ọ ní èdè Buckie, tí ohun tó sì ń jáde jẹ́ ti ìlú mìíràn. Imogen fúnra rẹ̀ rí i pé kò bọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá màmá yín."

Ìyá se skink sílẹ̀, ọbẹ̀ ẹja tí a yan, pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti mílíìkì. A jókòó yí tábìlì ká, Hallowell, Imogen, Gibbie, Elspet àti èmi. Ìyá tó jẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló bú ẹyẹ òkun kan lórí òrùlé tí ẹyẹ náà fi fò lọ, ló wọlé, ó so ọwọ́ pọ̀, ó sì ní:

"Inú mi dùn jọjọ láti gbà yín lálejò, ọ̀gbẹ́ni. Ojú ọjọ́ tutù níwọ̀nba lónìí. Ṣé ẹ ó fẹ́ ọbẹ̀ díẹ̀ sí i?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Elspet. Ohùn tẹlifóònù Ìyá nìyẹn, ohùn tó ń fi bá dókítà àti ọ̀gá báǹkì sọ̀rọ̀. Hallowell ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́." Ìyá ní, "Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà náà nìyí, ọ̀gbẹ́ni."

Wọ́n lọ bá ọ̀gá èbúté. Ohùn tẹlifóònù ló yọ. Wọ́n lọ bá obìnrin tó ń ta ẹja. Òun kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní "Dájúdájú" sí gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. Wọ́n wá bá mi ní ibi tí a ti ń kan ọkọ̀, nítorí èmi ni mo tún ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò ṣe. Mo ti pinnu pé màá ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo la ẹnu, mo sì ń gbọ́ tí ara mi ń sọ pé, "Iṣẹ́ igi jẹ́ iṣẹ́ tó gba sùúrù púpọ̀." Elspet ò lè dìde nílẹ̀ fún ẹ̀rín.

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń sọ èdè yìí mọ́ ni?" Hallowell béèrè.

Mo ní, "Gbogbo wa là ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ò tíì lọ."

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, Gibbie wà lórí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté, ojú rẹ̀ ti ń dàbí ewé bíi ti ìgbà èwe. Yóò dúró létí ọkọ̀, yóò wo òkun tìkà-tìkà, yóò sì ní, "Òkun yìí ti jẹ wá tán." Ó sọ ọ́ bí ọ̀gbẹ́ni ilẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ bí ará erékùṣù. Hallowell ti fi ṣálì bo ojú. Ìyá sì wà nílé, ó ti ń gba ojú fèrèsé wo ọmọ rẹ̀, ó rí i pé kò jẹun. Ó gbé ìkòkò skink, ó bọ́ sí etí èbúté. Nítorí Hallowell wà nítòsí, ohùn tẹlifóònù ló fi pè é:

"Gilbert, olólùfẹ́, oúnjẹ ọ̀sán ti wà ní sẹpẹ́."

Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò pè é ní Gilbert rí, áńbọ̀sìbọ́sí olólùfẹ́. Ẹ̀rù ba Gibbie. Ó yí padà wìì láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú okùn, ó sì lọ sínú omi pẹ̀lú bàtà àti fìlà.

Omi Buckie kì í ṣe omi tí èèyàn ń wọ̀ láìmúra. Ó pẹ́ díẹ̀ kí orí rẹ̀ tó yọ. Nígbà tó yọ, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, a ò gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí Dod ti kú.

"Ta ni ọmọ àgbò aláìníyè tó fi okùn síbi tí èèyàn ń tẹ̀? Watty, màá fi okùn yẹn sá ẹ sóòrùn bí ẹja. Ìwọ òkun ọ̀dájú yìí, kí ni mo ṣe ẹ́? Ikùn mi lo kọ́kọ́ ń bá jà, o tún ń fa bàtà mi. Bàtà ọlọ́bàtà ni, ọ̀bùn aláṣejù."

Mo ti dín in kù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn kò ṣeé sọ níwájú ọmọlúàbí. Ìyá gbé ìkòkò kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú. Ó ti gbàgbé pé Hallowell wà láyé.

"Gibbie Flett, pa ẹnu dídọ̀tí yẹn dé. Níwájú àlejò. Bàbá ẹ bọ́ sínú omi yìí títí ara ẹ̀ fi mọ́ ọn, kò bú okùn rí."

"Irọ́ ni, Màámi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo èyí tí mò ń sọ."

"Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Torí pé ó fi í sílẹ̀ fún ẹ ni o ṣe máa ná gbogbo ẹ̀ tán lọ́sàn-án gangan?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí ní Gilbert."

"Kí n pè ẹ́ ní kí ni, nígbà tó jẹ́ pé bí arìnrìn-àjò tó sọ ẹrù nù lo ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí? Gun òkè wá, ọ̀lẹ. Ọbẹ̀ ti ń tutù."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, ọ̀kan nínú omi, ọ̀kan lórí òkúta. Hallowell na ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má mí. Kámẹ́rà ń yí. Èmi ni mo fi ìkọ́ fa àna mi jáde níkẹyìn, ó sì fi ọwọ́ tútù gbá mi létí nítorí okùn, ó tọ́ sí mi.

Imogen sún mọ́ Ìyá, ó bẹ̀ ẹ́ pé ṣé ó lè tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tún ìborùn ṣe. "Ẹ forí jì mí, arábìnrin. Mi ò rántí pé mo sọ nǹkan kan."

Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé Gibbie, ó jókòó lórí àpótí ẹja, abọ́ skink lórí orúnkún. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù tó kà nígbà ìsìnkú, jẹ́jẹ́, ẹnu ẹ̀ ń gbọ̀n fún òtútù. Ẹnu Dod ló fi ń kà á. Kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ṣì í. Ìyá ò wò ó. Ó ń wo ojú òkun, ó gbé ìgbákọ, ó sì bu ọbẹ̀ kún abọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà níbẹ̀ kò tíì dín.

Fíìmù náà jáde. Ìjà etí èbúté wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Ìyá àti ìkòkò rẹ̀ pẹ̀lú. A lọ wò ó ní Elgin, àwa gbogbo èèyàn Buckie. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ará Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ èèyàn rere. Níbi tí Gibbie ti bú òkun láti orí dé ẹsẹ̀, "Omi yìí tutù" lohun tó kọ síbẹ̀. Àlùfáà jókòó sẹ́yìn Ìyá. Nígbà tí iná tàn, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ìyáàfin Flett, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí." Ìyá ní, "Ti ọkọ mi ni. Ẹ̀yin náà lẹ sin ín, ẹ lọ bi í."

Òkìkí wá dé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àwọn onífíìmù ṣe ń ronú: ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ èèyàn náà ni wọ́n á tún máa béèrè. Láti ìgbà náà, kò sí fíìmù tí wọ́n pe Gibbie sí tí wọn ò ní kó ṣubú sínú nǹkan. Ó ṣubú sínú adágún, ó ṣubú sínú kànga, ó ṣubú láti orí afárá ní Ireland. Ní Norway, inú àgbá ọtí ni. Rhona ló ń tẹ̀ lé e kiri pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ àti bísíkíìtì. Nígbà tí wọ́n pè é pé kó wá ṣe fíìmù nínú aṣálẹ̀, inú Rhona dùn, ó ní ọkọ òun á gbẹ níwọ̀nba. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ kòtò omi sílẹ̀ dè é.

Ó rẹ̀ ẹ́ níkẹyìn. Ó kọ gbogbo omi, ó sì gba iṣẹ́ kékeré kan ní ilé eré kan ní Aberdeen, bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jà lórí ẹni tí yóò jogún ilé. Èdè wa ni wọ́n fi ṣe é. Ilẹ̀ ìtàgé kò yí. Mo fi ọkọ̀ gbé Ìyá lọ, ó dé fìlà tó ń dé lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Mo yọjú wo Ìyá. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ètè rẹ̀ ló ń mì, bí ẹni tó fẹ́ dá ọkùnrin orí àga náà lóhùn.

A lọ jẹ ẹja díndín lẹ́yìn eré, àwa mẹ́rin, Ìyá, Gibbie, Rhona àti èmi. Gibbie ò lè mú sùúrù.

"Màámi, ẹ ò sọ nǹkan kan."

Ìyá ń yọ egungun. "O jókòó dáadáa."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

"Bàbá ẹ ò mọ àga jókòó tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó jẹ ẹja díẹ̀. "Àmọ́ nígbà tí o ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé, mo ti dìde tán kí n lọ tì í. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fà mí jókòó."

Gibbie na ọwọ́ sí ọ̀dùnkún inú abọ́ ìyá rẹ̀, Ìyá sì gbá a lọ́wọ́.

Ìyá ti lọ bá Dod báyìí. Gibbie àti Rhona ti ra ilé sí òkè ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọn ò ti lè rí òkun àfi bí èèyàn bá gun àga. Ó sì ń ṣeré síbẹ̀. Ní ọjọ́ Monday tó kọjá, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ibùdó rélùwéè ní Keith. Adájọ́ ló fẹ́ lọ ṣe ní Glasgow, Rhona sì ti ń ṣàròyé pé irun àtọwọ́dá tí wọ́n fún un ń yún un lórí. Nínú ọkọ̀ ló ti ń dájọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀sùn mi ni pé mo fi okùn síbi tí èèyàn ń tẹ̀. Mo ní, Olúwa mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Ó ní ilé ẹjọ́ òun kì í gbàgbé, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì gun rélùwéè láì kí mi pé ó dàbọ̀.